Ọ̀kẹ́ Kan: Ìtúpalẹ̀ Òǹkà 20,000

Láyé owó ẹyọ, bí oníṣòwò márùn-ún bá jọ jèrè ọ̀kẹ́ kan ní ọjà Ìwó, ẹgbàájì ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta ni wọ́n, ìjà lè dé: ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba 6,666, ẹyọ méjì yóò sì ṣẹ́kù. Inú òǹkà náà fúnra rẹ̀ ni ìdí ọ̀ràn yìí wà.

Ọ̀kẹ́ ni orúkọ àpò tí a ń kó owó ẹyọ sí. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Bí a bá tú ọ̀kẹ́ palẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ohun tí a óò bá níbẹ̀ ni 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 5 × 5 × 5 × 5. Kò sí 3 níbẹ̀, kò sì sí 7. Òǹkà tí yóò pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù lè mú 2 láti orí òdo dé ẹ̀ẹ̀marùn-ún, èyí jẹ́ ọ̀nà mẹ́fà. Ó sì lè mú 5 láti orí òdo dé ẹ̀ẹ̀mẹrin, èyí jẹ́ ọ̀nà márùn-ún. Ọgbọ̀n ni gbogbo wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 títí dé ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni èdè-ìperí ti di ìṣòro fún olùkọ́. Àwọn kan ń pe irú òǹkà bíi 2, 3, 5 àti 7 ní “nọ́ńbà àkọ́kọ́”. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan ni, kò sì dára tó. Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè nọ́ńbà àkọ́kọ́, ení ni yóò dáhùn, ení kò sì sí lára wọn. “Òǹkà àìtúpalẹ̀” sàn jù, nítorí ó ń sọ ìwà ohun náà: a kò lè tú u sí òǹkà tí ó kéré jù ú lọ.

Adolphus Mann kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní 1887, ó sì fi owó ẹyọ ṣàlàyé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ pé ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà wa. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Ogún lọ́nà ogún ní orúkọ tirẹ̀, irinwó. Ṣùgbọ́n ogún lọ́nà irinwó kò ní, ẹgbàárin ni a ń pè é, ìyẹn ẹgbàá mẹ́rin. Ogún, igba, ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ ni òpó ilé náà, ẹ̀wẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbésẹ̀, 2 kan àti 5 kan ni a ń fi kún un. Ètò yìí bá ti àwọn tí ń fi ẹ̀wá kà mu ju bí a ti rò lọ.

Ọ̀kẹ́ kan kò ní odidi tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí ó fi di òun, nítorí 2 inú rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, kò ṣeé pín sí ọ̀nà méjì dọ́gba. Ọ̀kẹ́ méjì ní in: igba lọ́nà igba ni. Àádọ́ta ọ̀kẹ́, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mílíọ̀nù, ní in pẹ̀lú: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Síbẹ̀, ọ̀kẹ́ kan ni àpapọ̀ ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àti òmíràn bẹ́ẹ̀. Òun náà ni 140 × 140 pẹ̀lú 20 × 20, àti 124 × 124 pẹ̀lú 68 × 68. Kò sí ọ̀nà kẹrin.