Fáìlì iṣẹ́ yín: Ẹ dì í kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́

Àwọn tó ń tẹ káàdì ìkésíni ní Ṣómólú, l'Ékòó, mọ wàhálà yìí dáadáa. Oníbàárà á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, àwòrán kan ò ní sí níbẹ̀, fọ́ǹtì náà á ti yí padà. Òmíràn á fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ojú ìyàwó á ti rí bàìbàì. Ta ló máa san owó bébà?

Zip wúlò níbí. Ńṣe ló ń di gbogbo fáìlì sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ohun tó bá ń tún ara rẹ̀ sọ nínú wọn, á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì sàmì sí ibi tó kù. Tí wọ́n bá tú u, kò sí ohun tó máa dín. Ti WhatsApp yàtọ̀: ó máa ń gé lára fọ́tò kó lè fúyẹ́, èyí tó bá sì gé, ó lọ nìyẹn.

Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Windows XP tó jáde lọ́dún 2001 ti ní in nínú. Ẹ kó fáìlì sínú fódà kan, ẹ fi ọ̀tún máúsì tẹ̀ ẹ́. Nínú Windows 11, "Compress to" lẹ máa yàn. Nínú Windows 10, "Send to" ló ṣáájú. Ẹ lè wá gbé e gba orí WhatsApp kan náà, àmọ́ abẹ́ "Document" ni o.

Kì í ṣe gbogbo fáìlì ló ń fúyẹ́. Àwòrán BMP máa ń dín gan-an. JPEG àti MP3 kì í fẹ́ẹ̀ dín rárá, torí wọ́n ti fún wọn tẹ́lẹ̀.

Kí ẹni tó gbà á kọ́kọ́ tẹ "Extract All". Àwọn kan ń ṣí i níbẹ̀, wọ́n á ṣàtúnṣe, àtúnṣe náà á sì pòórá.