Nọ́ńbà fóònù Benin ti di 10: Ẹ yẹ ibi tí ẹ darí ìpè sí wò, kí oníbàárà má baà bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ní ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù tàbí òtẹ́ẹ̀lì ní Fidjrossè, létí òkun Kútọnu, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà wá fún wọn láti Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sákété.

Ní 30 oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ní orílẹ̀-èdè Benin kúrò ní 8, ó di 10. 01 ni wọ́n fi ṣáájú nọ́ńbà àtijọ́. Ẹni tó bá ń pè láti Èkó yóò tẹ +229, yóò tẹ 01, kó tó wá tẹ 8 tó kù.

Èèyàn máa ń rántí tún nọ́ńbà ara pátákó ṣe. Ibi tí wọ́n máa ń gbàgbé ni inú ẹ̀rọ fóònù ọ́fíìsì tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà 8 ti ọ̀gá ni wọ́n darí ìpè sí láti ọjọ́ pípẹ́, ìpè ò ní dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó gbé iṣu wá yóò pè títí, yóò rò pé wọn ò fẹ́ gbé e ni, yóò sì ta ọjà rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ohun méjì ló yẹ ká mọ̀ yàtọ̀ síra. Dídarí ìpè ni èyí tí a ti ṣètò sílẹ̀ kí ìpè tó wọlé. Ẹ lè ní kí gbogbo ìpè lọ sí nọ́ńbà mìíràn, tàbí kìkì èyí tó bá wọlé nígbà tí ẹ wà lórí ìpè, tàbí èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà yóò wọ ojú ìwé ìṣètò rẹ̀, yóò mú fóònù tó fẹ́, yóò kọ nọ́ńbà tuntun sí i, yóò sì fi pamọ́. Kó má jẹ́ kí fóònù dún ju bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ kí ìpè tó kọjá, nítorí ẹni tó ń pè kì í ní sùúrù.

Èkejì ni fífi ìpè lé ẹlòmíì lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e. Ẹ lè jù ú sí i láìsọ nǹkan, ẹ sì lè kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ pé, "Oníbàárà kan ń béèrè yín." Èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ ṣáájú ló dára jù, nítorí pé bí onítọ̀hún ò bá sí níbẹ̀, ìpè ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù méjì máa darí ìpè sí ara wọn, ńṣe ni ìpè yóò máa yí po. Ẹ sì rántí pé ìpè tó bá jáde láti ọ́fíìsì lọ sórí fóònù alágbèéká, ọ́fíìsì ló ń san owó rẹ̀.

Lórí fóònù alágbèéká, kóòdù tí àgbáyé ń lò ni **21*, ẹ ó tẹ nọ́ńbà tẹ̀ lé e, ẹ ó fi # parí rẹ̀. Èyí ń darí gbogbo ìpè. **61* wà fún ìpè tí a ò gbé, **67* sì wà fún ìgbà tí a bá wà lórí ìpè. *#21# ni ẹ fi ń wò ó bóyá wọ́n ti darí ìpè yín, ##002# sì ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Àwọn gbájúẹ̀ náà mọ kóòdù wọ̀nyí. Bí ẹnì kan bá pè yín pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló rán òun, tó ní kí ẹ tẹ **21* àti nọ́ńbà kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ìpè yín ló fẹ́ gbà, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà àṣírí WhatsApp síni létí.

Lónìí, ẹ fi fóònù ẹlòmíì pe ọ́fíìsì yín, ẹ má gbé e. Ibi tó bá ti dún ni ẹ ó mọ̀ pé oníbàárà yín ń dé.