Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí ewu rẹ̀ kéré

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí ewu rẹ̀ kéré ni orúkọ àpapọ̀ fún àwọn irú tẹ́tẹ́ orí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bọ́ọ̀lù tí ọ̀nà àtijẹ wọn ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà kò tó nǹkan. Ẹni tí ó ta á pé ikọ̀ kan yóò borí ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó lè gbà jẹ. Ẹni tí ó ta á pé ikọ̀ náà kò ní pàdánù ní méjì, nítorí bí ikọ̀ náà bá borí tàbí bí ó bá gbá ọ̀mì, owó ti wọlé. Ní ilẹ̀ Yewa, Ẹ̀gbádò àtijọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, àwọn ọ̀dọ́ a máa pe irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ ní "sure" tàbí "banker". Orúkọ náà ju ohun tí ó ń jẹ́ ẹ lọ. Ewu tí ó kéré kì í ṣe ewu tí kò sí, owó tí ó bá sì bá a lọ kì í kéré lójú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ta á.

Ìtàn ní ṣókí

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni pool ti wà, èyí tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, níbi tí John Moores ti dá ilé-iṣẹ́ Littlewoods sílẹ̀ ní ìlú Liverpool ní ọdún 1923. Kessington Adébútù, ọmọ Ìpẹru-Rẹ́mọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Baba Ìjẹ̀bú, wà lára àwọn tí ó fi pool bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dá Premier Lotto sílẹ̀. Ọ̀mì ni àwọn tí ń ta pool máa ń wá kiri nínú ìwé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, wọn a yí sí ti Australia.

NairaBET bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, Bet9ja ní 2013, ọ̀rọ̀ sì yí padà. Ọ̀mì tí bàbá ń wá kiri ni ó ń ba ọmọ lẹ́rù báyìí, nítorí òun ni ó máa ń ba tẹ́tẹ́ "yóò borí" jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tẹ́tẹ́ tí ewu wọn kéré ni a ṣe láti gba atatẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ọ̀mì.

Àwọn irú rẹ̀

Lórí ìwé tẹ́tẹ́, 1 dúró fún ikọ̀ tí ó gbàlejò, 2 fún àlejò, X fún ọ̀mì. Double Chance a máa so méjì pọ̀: 1X (onílé kò ní pàdánù), X2 (àlejò kò ní pàdánù), 12 (kò ní sí ọ̀mì). Draw No Bet a máa dá owó padà fún atatẹ́tẹ́ bí ó bá di ọ̀mì. Over 1.5 kò bìkítà nípa ẹni tí ó borí; góòlù méjì ni ó ń fẹ́, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àti ìwọ̀nba tí rẹfirí bá fi kún un ni a ń kà fún gbogbo wọn. Àfikún 30 ìṣẹ́jú inú ìdíje ife-ẹ̀yẹ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pẹnáritì àṣekágbá, ohun tí ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ kò kéré.

Àpẹẹrẹ: Nàìjíríà àti Benin

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Olómìnira Benin dára fún àlàyé yìí, nítorí pé ní ẹnubodè Yewa, ẹbí kan náà lè ní ikọ̀ méjèèjì: ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 gba àárín àwọn Ọ̀họ̀rí àti àwọn ará Kétu kọjá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2024, ní Abidjan, Raphael Onyedika kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Jodel Dossou àti Steve Mounié dá a padà kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Benin sì borí pẹ̀lú 2–1. Gernot Rohr, akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, ni ó ń darí Benin lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ní Uyo, Nàìjíríà jẹ́ 3–0. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ní Abidjan, ó di ọ̀mì 1–1. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ní Uyo, ó di 4–0 fún Nàìjíríà.

Ẹni tí ó ta á ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé Nàìjíríà yóò borí jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó lo Double Chance jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó lo Draw No Bet jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó gba owó rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Over 1.5 nìkan ni ó wọlé nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin kò tó láti fi ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé Double Chance náà lè jábọ́ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rò ó.

Ọjọ́ tí Double Chance wúlò jù lọ fún àwọn olólùfẹ́ Super Eagles ni ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 2020 ní Benin City, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Nàìjíríà ti gbá góòlù mẹ́rin wọlé kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, Sierra Leone kò sì ní ẹyọ kan. Ó parí sí 4–4.

Odds àti èrè ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́

Odds ni iye tí a ó fi sọ owó atatẹ́tẹ́ di púpọ̀ bí ó bá jẹ. Bí ewu bá ti ń dín kù ni odds ń dín kù. Kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó: 1 jẹ́ 1.80, X jẹ́ 3.50, 2 jẹ́ 4.50. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ₦100 láìka bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ṣe parí sí gbọ́dọ̀ ta ₦55.60 sórí 1, ₦28.60 sórí X àti ₦22.20 sórí 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦106.40. ₦6.40 tí ó lé yẹn ni èrè ilé-iṣẹ́, inú odds ni ó sì fara pamọ́ sí.

Èrè yìí kò kúrò nínú tẹ́tẹ́ tí ewu rẹ̀ kéré. Nínú àpẹẹrẹ kan náà, ẹni tí ó bá pín ₦1,000 sí méjì, ₦660 sórí 1 àti ₦340 sórí X, yóò gba ₦1,188 tàbí ₦1,190. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe 1X tí odds rẹ̀ tó nǹkan bí 1.19, èyí tí ilé-iṣẹ́ kì í sábà san jù ú lọ. Nítorí náà, atatẹ́tẹ́ kò rí ẹ̀dínwó gbà. Ó kàn fi èrè ńlá ṣe pàṣípààrọ̀ fún ìrètí tí ó pọ̀ sí i. Bákan náà ni ti líìgì NPFL, èyí tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife rẹ̀ ní sáà 2024/25. Onílé ni ó sábà máa ń borí níbẹ̀, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti dín odds onílé kù kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì alákòópọ̀

Nítorí pé 1.19 kò mú ọwọ́ ya, ọ̀pọ̀ a máa kó irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ibí yìí ni ewu tí a lé jáde ní iwájú ti máa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Bí mẹ́wàá bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, tí odds ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.20, àpapọ̀ wọn a di 6.19, ₦1,000 a sì di ₦6,190. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá lè wọlé nígbà 80 nínú 100, ìgbà 10.7 péré nínú 100 ni gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò wọlé pọ̀. Ẹni tí ó bá ta á nígbà 100 yóò ná ₦100,000, ohun tí ó sì yẹ kí ó máa retí padà jẹ́ nǹkan bí ₦66,000. "Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó gé tíkẹ́ẹ̀tì mi" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu atatẹ́tẹ́. Ó máa ń dà bí ẹni pé owó náà kù díẹ̀ kó dé, òun ni ó sì ń mú kí àwọn mìíràn tún yá owó láti fi wá èyí tí ó sọnù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka tẹ́tẹ́ tí ó ti di bárakú mọ́ ara àìsàn.

Òfin

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà fagi lé Òfin Lọ́tìrì ti ọdún 2005, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀ láti 2008. Ìdájọ́ náà sọ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, nítorí náà ti Ìlaròó àti Ayétòrò wà lọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ní òdìkejì ẹnubodè, Loterie Nationale du Bénin ni ilé-iṣẹ́ lọ́tìrì ìjọba. Sẹ́fà ni owó ibẹ̀, abẹ́ òfin Benin ni ó sì wà.