Orúkọ Àwọn tí Wọ́n Fò

Ní oṣù kẹfà ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Jámánì yin ọkọ̀ òfurufú Lancaster kan lulẹ̀ ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Cy Grant, ọmọ Guyana, ni ó ń tọ́ka ọ̀nà fún awakọ̀ rẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ó lo ọdún méjì nígbèkùn. Ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 11 kan rí àfọ́kù ọkọ̀ náà, kò sì gbàgbé. Nígbà tí ó dàgbà, ó wá orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ títí ó fi rí Grant fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Grant àti ọmọ ọkùnrin yìí ṣe àkójọ orúkọ àwọn ọmọ Caribbean tí wọ́n fò fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun náà.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni a fi ń wá ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ogun, ìwé náà a sọ orúkọ, orúkọ a sì mú ni dé ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ibojì.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa pẹ̀lú. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, wa ọkọ̀ òfurufú nínú ogun kan náà. Ó kú ní ọdún 1945. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti òbí, àwòrán tí kò ní orúkọ a máa di ti àjèjì. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn àwọn tí ó wà nínú àpótí yín, kí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n tó lọ.