Irun Tí Ó Ti Bàjẹ́: Ẹ̀ẹ̀melòó Ni Ó Tọ́ Kí A Máa Tọ́jú Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin ilé wa ni ó ń náwó lórí irun wọn láìrí èrè rẹ̀. Irun tí òòyà irin gbígbóná ti jó, tàbí tí ìpara ìnarun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní rìlásà ti sọ di ẹlẹgẹ́, ni wọ́n ń wá oògùn fún. Wọ́n a ra ṣáǹpù, èyíinì ni ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ irun. Wọ́n a ra kọ̀ndíṣọ́nà, èyíinì ni ìpara tí ń mú irun rọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ tán. A sì ti kọ ọ́ sára ìgò méjèèjì pé wọn a máa tún irun tí ó bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n bá délé, ẹnìkan a máa lò wọ́n lójoojúmọ́, nítorí ó rò pé bí oògùn bá pọ̀, ìwòsàn a yá. Ẹlòmíràn a máa lò wọ́n lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì, nítorí ó fẹ́ kí ìgò náà pẹ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn méjèèjì kò ní rí ohun tí wọ́n ń wá. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí iye ìgbà tí ó tọ́, àti ìdí rẹ̀.

Kí a tó ka iye ìgbà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí irun jẹ́. Ìdí irun tí ó wà nínú awọ orí nìkan ni ó ní ìyè. Fọ́nrán tí ó ti yọ síta kò ní ìyè mọ́, gẹ́gẹ́ bí ṣóńṣó èékánná tí a ń gé sọnù kò ti ní ìyè. Ohun kan náà tí à ń pè ní kẹ́rátìnì ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn méjèèjì. Lára fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìpẹ́ wẹ́wẹ́ wà tí wọ́n gun orí ara wọn bí páànù orí ilé, àwọn ni ó sì ń dáàbò bo inú rẹ̀. Sódà líle tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara ìnarun, irú èyí tí àwọn tí ń se ọṣẹ ń lò, a máa ṣí àwọn ìpẹ́ wọ̀nyí sókè, a sì máa já àwọn ìdè tí ó fún irun ní agbára. Iná òòyà náà a máa gbẹ ẹ́, a sì máa sán an. Bẹ́ẹ̀ ni irun kì í gùn ju bí sẹ̀ǹtímítà 1 lọ lóṣù kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ṣóńṣó irun tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ti lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí wa. Ó ti rí oòrùn, ó ti rí eruku ọyẹ́, ó ti rí òòyà àti gèlè. Bí ó bá là, kò lè wo ara rẹ̀ sàn bí awọ ara ti í ṣe nígbà tí ọ̀bẹ bá gé e.

Ǹjẹ́ kí ni ìtúnṣe tí a kọ sára ìgò túmọ̀ sí? Ó dàbí ìgbà tí a bá lẹ aṣọ tí ó ya. Àwọn ohun tí ó wà nínú ìpara náà a máa lẹ̀ mọ́ ibi tí irun ti bàjẹ́, wọ́n a mú kí àwọn ìpẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí fọ́nrán kan má baà máa ha èkejì. Òmíràn nínú wọn a tilẹ̀ wọ inú irun díẹ̀ láti gbé e ró. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a lẹ̀ kò padà di aṣọ tuntun, omi àti ọṣẹ a sì máa ṣí ìlẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní láti tún un ṣe lóòrèkóòrè, ìdí nìyí pẹ̀lú tí kò fi yẹ kí a máa fọ irun ní àfọ̀jù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣáǹpù. Ìmọ̀ràn tí American Academy of Dermatology, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn awọ ara ní Amẹ́ríkà, fi fún àwa ènìyàn dúdú ni pé kí a máa fọ irun wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Irun wa lọ́ pọ̀, ọ̀rá tí ń ti awọ orí jáde kò sì tètè dé ṣóńṣó rẹ̀. Bí a bá ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, a ó fọ ìwọ̀nba ọ̀rá tí ó ní lọ. Bí ó sì pẹ́ jù, òógùn, eruku àti ìpara àná a di ẹ̀gbin lórí awọ orí, orí a máa yún ni, ìpépé funfun a sì máa já sí èjìká. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ara ìgò tàn án jẹ: ṣáǹpù tí a pè ní ti ìtúnṣe, ọṣẹ ni síbẹ̀. Awọ orí ni kí a fi í pa. Hóhó tí ń ṣàn sísàlẹ̀ tó láti fọ ìyókù. Ẹni tí ó bá ń lo ọṣẹ dúdú ilẹ̀ wa, kí ó rántí pé omi eérú inú rẹ̀ a máa ṣí ìpẹ́ irun sókè. Kí ó fi omi púpọ̀ ṣan án, kí ó sì fi kọ̀ndíṣọ́nà tẹ̀lé e.

Ní ti kọ̀ndíṣọ́nà, ìmọ̀ràn náà rọrùn: gbogbo ìgbà tí a bá fọ irun ni kí a lò ó, láìfo ọjọ́ kan. Kí a fi í pa irun láti àárín dé ṣóńṣó, nítorí ibẹ̀ ni ó gbó jù, tí ó sì tètè ń já. Kí a fi í sílẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí a kọ sára ìgò, kí a fi òòyà eléyín gbọọrọ tí ó jìnnà síra tú irun náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí a tó ṣan án. Jẹ́jẹ́ ni kí a ṣe é, nítorí irun tútù kò lágbára tó irun gbígbẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìpara líle, èyí tí ó ní àmúró irun nínú, tí àwọn onídìrí ń fi ṣe ìtọ́jú fún irun tí ó ń já. Èyí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Irun tí ó bá gbà á jù a máa le gan-an bí ìgbálẹ̀, a sì máa já pọ́kú. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ mú ẹyọ irun tútù kan, kí ẹ fà á jẹ́jẹ́. Bí ó bá nà, tí kò sì sún padà, ó ń fẹ́ àmúró. Bí ó bá já lójú kan náà láìnà, kọ̀ndíṣọ́nà tí ń mú irun rọ̀ ni ó ń fẹ́.

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ètò oṣù kan fún irun tí ó ti bàjẹ́ kò ṣòro. Ní ọjọ́ Sátidé kìíní, kí a lo ṣáǹpù, kí a lo ìpara líle, kí kọ̀ndíṣọ́nà sì tẹ̀lé e. Ní Sátidé mẹ́ta tí ó kù, ṣáǹpù àti kọ̀ndíṣọ́nà nìkan ti tó. Ó dára pẹ̀lú kí a fi òróró àgbọn pa irun kí a tó fọ̀ ọ́, nítorí ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé òróró yìí a máa dín ohun tí irun ń pàdánù kù nígbà ìfọ̀. Bí a bá ti di irun, kí a po ṣáǹpù díẹ̀ mọ́ omi, kí a fi fọ awọ orí ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí a má sì jẹ́ kí dídì náà kọjá oṣù méjì lórí.

Ṣùgbọ́n kò sí ìgò tí ó lè borí ìbàjẹ́ tí a kò dẹ́kun rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lẹ̀, tí ó sì ń fi ọwọ́ òsì ya, iṣẹ́ asán ni ó ń ṣe. Rìlásà kò gbọdọ̀ kan irun tí a ti nà tẹ́lẹ̀. Irun tuntun tí ó hù nìkan ni tirẹ̀, kí ó má sì dín ní oṣù méjì kí a tó tún un ṣe. Kí àwọn ìyá kíyèsí irun iwájú orí àti ti ẹ̀bátí àwọn ọmọbìnrin kékeré. Bí onídìrí bá fà á le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò rí oorun sùn, kí a tú u lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi. Irun tí ó já lè hù padà. Ṣùgbọ́n ìdí irun tí a bá fà títí tí ó fi kú, ṣáǹpù kan kò lè jí i dìde. Bẹ́ẹ̀ ni orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: kò pọn dandan kí a fá gbogbo irun, ṣùgbọ́n kí a gé ṣóńṣó tí ó ti là, kí lílà náà má baà gòkè.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní sùúrù oṣù mẹ́fà, kí ó má ṣe wo ṣóńṣó irun rẹ̀ láti mọ bí ó ti ń lọ sí, bí kò ṣe sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí mẹ́fà tí yóò ti hù láti ìdí rẹ̀. Irun tuntun yẹn ni èrè ìtọ́jú rẹ̀, òun ni kí ó sì ṣọ́ kí ó má baà bàjẹ́.