Ṣé o mọ̀? Ọgbọ́n wà nínú ẹni tí a bá figagbága

Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, líìgì ló ń yan ọ̀pọ̀ alátakò fún yunifásítì. Àwọn díẹ̀ tó kù, yunifásítì ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Àwọn díẹ̀ yẹn lè sọ ẹdun arinlẹ̀ di ẹni iyì.

Ṣé o mọ̀ pé Kansas State, nílùú Manhattan ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní ìpele òkè tí wọ́n nà nígbà 500? Ní 1989, ìwé ìròyìn Sports Illustrated fún un lórúkọ tí a lè túmọ̀ sí "Yunifásítì Àṣedànù".

Ṣé o mọ̀ pé ọdún yẹn gan-an ni Bill Snyder, ẹni ọdún 49, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀? Láti oṣù kẹwàá 1986, ẹgbẹ́ náà kò borí ẹnikẹ́ni. Ìdíje 30 ló kọjá kí wọ́n tó na North Texas ní 20 sí 17, lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1989. Ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn ni ayò tí wọ́n fi borí wọlé. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn náà ni wọ́n rí mú lọ sílé nínú ìdíje 11 lọ́dún náà.

Ṣé o mọ ìṣirò tí Snyder gbé ka iwájú? Ẹgbẹ́ 8 ló wà nínú Big Eight, líìgì tí Kansas State wà nígbà náà, nítorí náà ìdíje 7 ti wà nílẹ̀. Mẹ́rin ló kù tí ilé-ẹ̀kọ́ lè yàn. Bí o bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí o sì rí 2 péré ṣà nínú 7 ti líìgì, o ti ní 6 nínú 11, o lè máa retí ìpè sí Bowl, ìdíje iyì tí wọ́n fi ń kádìí ọdún. Ìdí nìyẹn tí Snyder fi ń wá àwọn alátakò tí apá ẹgbẹ́ rẹ̀ ká. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò dá wọn lóhùn.

Ṣé o mọ bó ṣe ń gorí àkàsọ̀? 1 ní 1989, 5 ní 1990, 7 ní 1991. Méje yẹn kò tíì mú ìpè kankan wá. Ní 1992 ó tún já wálẹ̀ sí 5. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1993, wọ́n borí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn, wọ́n wọ Copper Bowl, wọ́n sì na Wyoming ní 52 sí 17. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilé-ẹ̀kọ́ náà borí nínú Bowl láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1997 dé 2000, wọn kò borí dín ní ìgbà 11 lọ́dún kankan?

Ṣé o mọ̀ pé láti 1969 ni Nebraska, tí wọ́n jọ wà ní líìgì, ti ń nà wọ́n lọ́dọọdún? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ní 1998, ọwọ́ tẹ èèkù: Kansas State 40, Nebraska 30.

Ṣé o mọ̀ pé ọgbọ́n náà ní gbèsè tirẹ̀? Lọ́dún 1998 kan náà, àwọn àlejò tí wọ́n yàn gba 66 sí 0, 73 sí 7 àti 62 sí 7. Ẹni tó na aláìlágbára kì í gba oríyìn púpọ̀. Nígbà tí Texas A&M nà wọ́n ní 36 sí 33 nínú àṣekágbá líìgì, ipò kẹta ni wọ́n wà lórí àtẹ gbogbo orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ àwọn Bowl ńlá fò wọ́n dá, wọ́n mú Florida tó wà ní ipò kẹjọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún òfin ṣe. "Òfin Kansas State" ni àwọn èèyàn pè é.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wọ ọjà? Florida State borí ní ìgbà 4 péré nínú 33 láti 1973 sí 1975. Bobby Bowden dé ní 1976, ó sì lọ ń kanlẹ̀kùn àwọn ọ̀tá ńlá. Ní 1981, wọ́n lọ bá Nebraska, Ohio State, Notre Dame, Pittsburgh àti LSU nílé wọn, léraléra. Wọ́n borí mẹ́ta nínú márùn-ún. Láti 1987 dé 2000, wọn kò jábọ́ láàárín àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ́ ńlá máa ń sanwó fún ẹni kékeré kó wá gba ìyà? Michigan san 400,000 dọ́là fún Appalachian State ní 2007, wọ́n sì fi 34 sí 32 na Michigan. Notre Dame san mílíọ̀nù 1.4 dọ́là fún Northern Illinois ní 2024. 16 sí 14 ni wọ́n fi na onílé. Wọ́n gbowó, wọ́n tún gbayì.

Ṣé o mọ èyí tó yẹ kí o rántí jù lọ? Lọ́dún tí Snyder bẹ̀rẹ̀, Northern Iowa, tí kò sí ní ìpele òkè, na Kansas State ní 10 sí 8. Líìgì kan náà ni Northern Iowa àti Indiana State, ẹgbẹ́ tí Kansas State fi 66 sí 0 lé lọ sílé ní 1998. Irú àlejò kan náà ló wá. Onílé ló ti dàgbà.