Ìdáàbò Bo Ọmọ Tí Ń Kiri Ọjà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwọn àgbà gbà pé ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú agboolé, ojú ẹbí àti ará ilé ni igba ojú náà. Ní ibùdókọ̀ Òṣòdì, ojú ju igba lọ, ṣùgbọ́n ojú àjèjì ni. Ibẹ̀ ni ọmọ ọ̀dọ̀ láti Ìsọlọ̀ í ti kiri omi. Bí owó ọjà bá dín, ẹ̀rù ilé a bà á. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ní í fi í lé ọwọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi oúnjẹ lọ̀ ọ́.

Òfin kò ṣàì sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 2003, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì kọ fífi ọmọ kiri ọjà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ní ọdún 2009, ìjọba Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ Òṣòdì. Ìsọ̀ ni wọ́n wó. Àìní tí ó gbé ọmọ débẹ̀ kò wó.

Ta ni yóò wá fi ẹjọ́ sùn? Ọ̀gá ọmọ náà ni ó rán an kiri. Ó ku ará ilé tí ń gbọ́ igbe lóru, òun náà sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní olófòófó.